Ẹni Tó Kọ Èyí

Ọmọ tí mo ti fi pàṣán nà rí ni wọ́n ní kó wá máa bá mi ka ìwé ìṣirò. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ohun tó bí mi nínú lọ́dún náà, ibẹ̀ ló ti wá.

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Oǹdó. Mo ti ń ṣe é fún bí ọdún mẹ́wàá kí n tó rí ààyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Àkúrẹ́. Àwọn tó gbà mí síṣẹ́ fún mi ní ìsinmi ẹ̀kọ́, wọ́n sì kọ ọjọ́ tí yóò parí sínú lẹ́tà gedegbe. Bí ọjọ́ náà bá pé tí mi ò tíì gboyè kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò. Iṣẹ́ tíṣà nìkan ni mo mọ̀. Inú Bíbélì ni mo tọ́jú lẹ́tà yẹn sí, mo sì ń kà á léraléra bí ẹni ń ka sáàmù, àmọ́ sáàmù a máa tu ènìyàn nínú.

Àwọn ọdún líle nìyẹn. Ológun ló ń ṣèjọba. Epo bẹntiróòlù ò sí, iná ò sí, bí àwọn olùkọ́ wa ò bá sì sí lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, wọ́n ń wá ọ̀nà àtilọ sí òkè òkun ni. Ní ẹ̀ka ìṣirò tiwa, àwọn mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ dandan kí a tó gboyè, kò sì sẹ́ni tó máa kọ́ wa. Ni ọ̀gá ẹ̀ka bá dọ́gbọ́n kan. Ó ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe oyè kejì mú ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwa tí a ṣì wà lẹ́nu oyè àkọ́kọ́, kí àwọn méjèèjì máa jọ ka ìwé ìṣirò kan ní orí-orí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó kéré á kọ ohun tó yé e sílẹ̀, ẹni tó jù ú lọ á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fi ibi tó ti ṣìnà hàn án. Ní ìparí, ẹni tó kéré á dúró níwájú pátákó, á ṣàlàyé fún àwọn olùkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìwo ìwé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á tún ọdún kan ṣe.

Ọdún kan tí mo bá tún ṣe, iṣẹ́ mi ti lọ nìyẹn.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n kọ: "ẹni tó kéré." Kò sẹ́ni tó rò ó pé tíṣà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún lè wà nínú àwọn tó kéré.

Wọ́n lẹ orúkọ wa mọ́ ara ògiri ní méjì-méjì. Mo rí tèmi, mo rí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ orúkọ náà. Mo ní kò lè jẹ́ òun. Bí mo ṣe yíjú padà báyìí, ẹnì kan ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ńtì lẹ́yìn mi.

"Àǹtí! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà."

"Dìde, jọ̀ọ́, àwọn ènìyàn ń wò wá. Ṣé ìwọ nìyí? O ti ga tó báyìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ ni wọ́n ní kó máa kọ́ mi?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Háà! Ta ni mo jẹ́ tí màá kọ́ Àǹtí? A kàn jọ máa kà á ni, mà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi létí. Ó yẹ kí ẹ̀rù ti bà mí níbẹ̀ yẹn.

Ẹ̀rù kì í sì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n lára mi. Ní ọdún tó ṣáájú, bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́ yà kúrò lójú títì níbi kọ́nà kan, ó sì gbiná. Ojú fèrèsé ni wọ́n gbà fà mí jáde. Àwọn tó jókòó níwájú mi, mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa wọn. Báàgì mi jóná, ìwé-ẹ̀rí mi wà nínú rẹ̀, gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ́dún náà wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ra ju bó ti yẹ lọ. Mi ò wọ ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ bá ti dán. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo ń jókòó sí. Mi ò sì ń mú bébà kankan rìnrìn àjò láìjẹ́ pé mo fi irú rẹ̀ sílé. Mo máa ń tẹ́ pépà kábọ̀n sábẹ́ ohun tí mo bá ń kọ, kó lè di méjì, ọ̀kan fún Àkúrẹ́, ọ̀kan fún àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọkọ mi ní bí mo bá kú, ṣé kábọ̀n ló máa jí mi dìde?

Àràárọ̀ Sátidé, mo wà ní gáréèjì Oǹdó, mo ń yí ọkọ̀ po, mo ń wo táyà.

"Ẹ rọra wà á o, dírẹ́bà," ni mo wí lọ́jọ́ kan.

"Màmá, mi ò tíì ṣáná sí i."

"Mo kúkú ní kí n tètè sọ ọ́ ni."

"Ẹ bọ́ síbí kẹ́ ẹ wá wà á, kí n bá yín jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo di ìrin ilẹ̀kùn mú títí a fi dé Àkúrẹ́.

Àdúgbò Arakale ní Àkúrẹ́ ni ọmọ náà ń gbé, nínú yàrá kan tó gbà lọ́wọ́ ìyá onílé tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta àlùbọ́sà. Kò bójú mu kí obìnrin tó lọ́kọ máa wọ yàrá ọ̀dọ́mọkùnrin, nítorí náà bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ la máa ń jókòó lé, lójú gbogbo ayé. Ìyá onílé á wà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́bàá wa, á máa ṣa àlùbọ́sà tó ti jẹrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí a sọ tí kò gbọ́.

Ìwé tí a ń kà dá lórí àwọn nọ́ńbà aláìṣeépín, ìyẹn nọ́ńbà tí kò sí ohun tó lè pín in dọ́gba-dọ́gba àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀: eéjì, ẹẹ́ta, aárùn-ún, eéje, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí mo gbìyànjú àtiṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá onílé, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ó ka àlùbọ́sà méje sílẹ̀. "Ẹ pín in sí òkìtì tó dọ́gba fún mi. Kò ní í pín láéláé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń kó méje síta. Oníbàárà á ní kí n bù fún òun àti ẹ̀gbọ́n òun lọ́gbọọgba, ìjà á sì dé." Mo rò ó pé ká ní òun ni wọ́n ní kó máa kọ́ mi, ìyọnu ì bá má tó bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe nìyí. Màá gbé ohun tí mo kọ fún un, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Á kà á, á máa mi orí. Ojú rẹ̀ á dúró síbì kan, á mí kanlẹ̀, á kọjá síbòmíràn.

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ gbìyànjú gan-an. Ṣé orí yẹn yé yín dáadáa, mà?"

"Kí ló wà níbẹ̀ tí kò ní yé mi?"

"Kò sí, mà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dà á kọ sórí bébà tó nípọn, torí inú fáìlì ẹ̀ka ló ń lọ bí a bá parí."

Ní Sátidé tó bá tẹ̀ lé e, á gbé e wá, á ti fi bírò dúdú dà á kọ pẹ̀lú ìkọ̀wé tó rẹwà ju tèmi lọ. Màá kà á nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mo bá ń padà lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà á máa lọ geere, ju bí mo ṣe rántí pé mo kọ ọ́ lọ. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọpọlọ mi ti ń jí padà. Mo tilẹ̀ sọ fún ọkọ mi pé ìṣirò ò le, àwọn olùkọ́ ló ń mú un le.

Orí mẹ́fà la kà báyìí, a sì dákẹ́ láàárín rẹ̀ fún ìyanṣẹ́lódì tó gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí padà, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí a wá dúró níwájú pátákó.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í há a sórí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, mo fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo kó àwọn ẹ̀dà kábọ̀n mi sílẹ̀, mo kó àwọn bébà tí ọmọ náà dà kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí n lè rí i dájú pé kò sí ojú ìwé tó sọnù. Kò sí èyí tó sọnù. Ṣùgbọ́n wọn ò jọra.

Orí kẹta ni mo kọ́kọ́ rí. Orí yẹn ló ń fi hàn pé àwọn nọ́ńbà aláìṣeépín kò lópin. Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Ká ní wọ́n lópin, kó gbogbo wọn jọ, fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀ títí wọ́n á fi tán, kí o fi oókan lé e. Nọ́ńbà tuntun tó bá jáde, kò sí ìkankan nínú àwọn tí o kó jọ tó lè pín in, oókan á máa ṣẹ́ kù ni. Èmi wá kọ ọ́ pé, nítorí náà, nọ́ńbà tuntun náà fúnra rẹ̀ jẹ́ aláìṣeépín. Mo ti dán an wò. Mo fi eéjì nìkan bẹ̀rẹ̀, ó fún mi ní 3. Eéjì àti ẹẹ́ta fún mi ní 7. Lẹ́yìn náà ni 31, lẹ́yìn náà ni 211, lẹ́yìn náà ni 2311. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo dán an wò, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló jẹ́ òótọ́. Èmi tí mò ń wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti èyí tí wọ́n gbé sẹ́yìn ọkọ̀, mo dúró níbi ẹ̀ẹ̀karùn-ún.

Nínú èyí tí ọmọ náà dà kọ, kò sí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà tuntun náà lè ṣeé pín o, ó lè má ṣeé pín o, ṣùgbọ́n bó bá ṣeé pín, nọ́ńbà aláìṣeépín tó máa pín in kò sí nínú àwọn tí a kó jọ. Ó wá kọ àpẹẹrẹ kan sábẹ́ rẹ̀ ní kékeré, èyí tí ì bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kẹfà tèmi: 30031 = 59 × 509.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ṣe ìsọdipúpọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ni.

Mo wá yẹ àwọn orí yòókù wò. Kò sí ojú ìwé kan tí kò fọwọ́ kàn. Ibì kan wà tó jẹ́ pé ó da ìdajì ojú ìwé mi nù, ó kọ tirẹ̀ rọ́pò, ó tún wá kọ ọ́ bí èmi ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń yin ara mi lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bébà rẹ̀ kọ́ ló sì máa dúró níwájú pátákó. Èmi ni, pẹ̀lú ohun tó wà nínú orí mi, ohun tó sì wà nínú orí mi ló wà lórí kábọ̀n yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mi ò wo táyà.

Mo bá a lórí bẹ́ńṣì, ó ń jẹ gúgúrú. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo ní kó jókòó. Mo kó bébà méjèèjì lé e lórí itan.

"Èwo ni tèmi nínú ìwọ̀nyí?"

Ó wo kábọ̀n náà. Gúgúrú dúró sí i lẹ́nu. "Àǹtí, ẹ̀yin ní irú ẹ̀?"

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

"Mi ò mọ̀ pé ẹ ń tọ́jú irú ẹ̀, mà."

"Oṣù mẹ́rin! Oṣù mẹ́rin lo fi ń sọ fún mi pé mo gbìyànjú. Ṣé o fẹ́ kí n dúró níwájú àwọn olùkọ́ kí n máa sọ ìsọkúsọ ni? Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ mi ló wà níbẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ìdí rẹ̀ gan-an tí mo fi ń tún un ṣe nìyẹn. Mo rò pé tí ẹ bá ń ka èyí tó dáa, á máa wọ̀ yín lórí díẹ̀díẹ̀."

"Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò tọ̀nà? Ọ̀rọ̀ méjì péré!"

Ó tẹrí ba. "Mi ò lè kọ ìyẹn sórí iṣẹ́ yín, Àǹtí."

"Ta ló ní o kò lè kọ ọ́?"

Ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò wo ojú mi. "Ẹ̀yin ni, mà. Ní kíláàsì karùn-ún. Ẹ ń ṣe ìṣirò kan lórí pátákó, ìdáhùn tí ẹ kọ jẹ́ mẹ́fà. Mo nawọ́ sókè, mo ní, 'Àǹtí, mẹ́jọ ni.' Ẹ ní kí n jáde wá. Ẹ ní ọmọ tó ń bá àgbà jiyàn ní gbangba, ẹ̀kọ́ ilé ò tó o. Ẹ nà mí ní pàṣán mẹ́fà." Ó gbé gúgúrú mì. "Nígbà tí mo padà jókòó, ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ mẹ́jọ."

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Mo ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n mo rántí pàṣán náà, mo sì rántí pé ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, tí ẹ̀rù àwọn ọmọ yẹn ń bà mí ju bí ẹ̀rù mi ṣe ń bà wọ́n lọ. Pàṣán mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, ìyẹn ni mi ò rántí.

"O wá ń gbẹ̀san ni?"

"Ẹ̀san kẹ̀, Àǹtí? Ọwọ́ mi ni kò gbé e."

Ibẹ̀ ni ìyá onílé ti gbé ojú kúrò lórí àlùbọ́sà rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ń gbọ́ yín láti àárọ̀. Ìwọ, o ò lè bá àgbà wí. Ó dáa. Ẹ̀yin, àgbà, ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín wí. Ó dáa. Ṣé bébà yẹn náà jẹ́ àgbà ẹnikẹ́ni ni?"

"Báwo, Ìyá?"

"Kó gbé bébà dání, kó kọjú sí títì, kó bá bébà wí. Kó má wò yín. Kó má pè yín. Ẹ̀yin ẹ jókòó síbí kí ẹ máa gbọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe máa ń bá ìyá ọkọ mi jà, títí tó fi kú. Ìkòkò ni mo máa ń bá wí."

Mo ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Mi ò sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó dára jù ú lọ. Ó kọjú sí títì, ó gbé kábọ̀n mi sókè.

"Ẹni tó kọ èyí... ẹni tó kọ èyí, ó jọ pé ó kánjú díẹ̀."

"Ìyẹn ò dun bébà," ni ìyá onílé wí.

"Ẹni tó kọ èyí, ó rí ohun kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ní bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí láéláé. Ta ló sọ fún un?"

Nígbà tí yóò fi dé orí kẹrin, ó ti dìde dúró. "Ẹ wo ibí yìí! Ohun tí wọ́n ní kó fi hàn ló fi ṣe ìpìlẹ̀! Ẹni tó kọ èyí, ṣé ó sùn ni? Ṣé ó ń ta ẹ̀pà lọ́wọ́ bó ṣe ń kọ ọ́ ni?"

Ọkùnrin ọlọ́kadà kan tó ń kọjá lọ dá ọ̀kadà rẹ̀ dúró. "Ta lẹ̀ ń bú bẹ́ẹ̀ yẹn, bọ̀dá?"

"Ẹnì kan tí kò sí níbí," ni ọmọ náà wí.

Ojú mi gbóná bí ààrò. Mo fẹ́ já bébà náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo rí i pé ó ń gbádùn ara rẹ̀, ìyẹn sì tún bí mi nínú ju dídákẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo fa bírò jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é, a ò dúró de Sátidé mọ́. Ó ń bú ẹni tó kọ ọ́, mo ń tún un kọ. Nígbà tó bá kan ibi tí kò yé mi, mo kọ́ bí èmi náà ṣe máa sọ ọ́. Màá ní, "Ẹni tó kọ èyí ní kí wọ́n tún un ṣàlàyé fún òun." Á sì ṣàlàyé fún títì. Bí ó bá ti tó àkókò oúnjẹ, á yíjú padà sí mi, á wólẹ̀ díẹ̀, á ní, "Àǹtí, ẹ kú ìjókòó, mà," bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Mi ò mọ èwo ló ń dá mi lágara jù nínú méjèèjì.

Ẹ̀rù ojú ọ̀nà ò jẹ́ kí n dúró di ọjọ́ náà gan-an kí n tó wọkọ̀. Ọ̀sán tó ṣáájú ni mo ti wọ Àkúrẹ́, ìyá onílé sì fún mi ní ẹní lẹ́bàá àwọn àpò àlùbọ́sà rẹ̀. Mo jí pẹ̀lú ojú tó ń ta mí. Ó ní kí n jẹ́ kí àwọn olùkọ́ rò pé ẹkún ni mo ti sun, wọ́n á ṣàánú mi.

Yàrá náà kéré. Àwọn olùkọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó níwájú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó lẹ́yìn. Ọmọ náà wà nígun yàrá. Òfin ni pé àwọn tó bá wa kàwé kò gbọdọ̀ la ẹnu. Ọ̀gá ẹ̀ka ní orí kẹta ni kí n ṣàlàyé.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo ti ń dúró níwájú pátákó láti ọdún pípẹ́, ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ náà. Mo kó àwọn nọ́ńbà jọ, mo sọ wọ́n di púpọ̀, mo fi oókan lé e. Ọwọ́ mi sì ń lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa mọ̀, mo ti kọ ọ́ gàdàgbà pé nọ́ńbà tuntun yìí jẹ́ aláìṣeépín.

Olùkọ́ kan mú bírò, ó ń kọ nǹkan. Mo wo ẹ̀yìn yàrá. Ọmọ náà ti yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ojú fèrèsé ló ń wò, ó ń wo títì.

Mo wo ohun tó wà lórí pátákó. Ìkọ̀wé mi ni, ìkọ̀wé tí àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ti dà kọ láìmọye ìgbà láìsí ẹni tó nawọ́ sókè. Àyà mi ń já bí ọjọ́ tí wọ́n fà mí gba ojú fèrèsé. Mo rò ó pé bí mo bá kàn bá a lọ báyìí, bóyá wọn ò ní rí i.

Mo ní, "Ẹni tó kọ èyí ti ṣe àṣìṣe."

Ọ̀gá ẹ̀ka gbé orí sókè. "Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà. Kò tọ̀nà. Ó tọ̀nà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, kò tọ̀nà ní ẹ̀ẹ̀kẹfà." Mo kọ 30031 sílẹ̀. Mo kọ 59 àti 509 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò pa èyí tí mo kọ́kọ́ kọ rẹ́. Mo fi ìlà fà á já, mo sì kọ èyí tó tọ̀nà sábẹ́ rẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí méjèèjì.

Olùkọ́ tó ń kọ nǹkan dá bírò rẹ̀ dúró. Ó bi mí ní ìbéèrè méjì. Mo dáhùn ọ̀kan dáadáa. Ìkejì, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ẹ̀ka ní kí n jókòó. Ó ní ẹni tó bá lè fìlà fa iṣẹ́ ara rẹ̀ já níwájú wọn, ìwé náà ti yé e. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo yege.

Nígbà tí mo jáde, mo jókòó lórí àtẹ̀gùn. Mo yọ lẹ́tà inú Bíbélì mi jáde, mo wo ọjọ́ tó wà níbẹ̀, mo sì dá a padà. Mo ṣì lè bá ọjọ́ náà.

Ọmọ náà sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀. "Àǹtí! Ẹ kú oríire, mà! Ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan lẹ́yìn èyí tí ẹ tún ṣe yẹn."

Ó ti tún bẹ̀rẹ̀ o.

"Irọ́ lò ń pa," ni mo wí. "Ọ̀kan tún wà níbi tí mo ti parí rẹ̀. Èmi fúnra mi rí i nígbà tí mo jókòó."

Ó dìde, ó gbọn eruku kúrò láyà. Kò wo ojú mi. Ó kọjú sí ọ̀nà tí àwọn ọ̀kadà ń gbà kọjá.

"Ẹni tó kọ ọ́," ni ó wí, "àṣìṣe méjì ló ṣe níbi ìparí yẹn."